Kí Ẹ Tó Ní Kí Àgbẹ̀ Gbé Páǹpù Oògùn Sílẹ̀

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń wọ oko olóko. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi lè kápá kòkòrò láìjẹ́ pé oògùn nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà kò so èso. Màá kó àwọn èèyàn jọ sábẹ́ igi, màá gbé àwòrán kòkòrò kọ́, màá ṣàlàyé títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, a ó ya fọ́tò, ó di ìgbà kan ná. Tí mo bá padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òórùn oògùn ni yóò kọ́kọ́ pàdé mi lójú ọ̀nà oko.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ mi ni kò yé wọn. Mo wá àwòrán tó mọ́lẹ̀ jù, mo tún ọ̀rọ̀ mi tò, ibi kan náà ni mo tún ń bá wọn. Bàbá kan ló là mí lójú. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní: "Ọmọ mi, gbogbo ohun tí o sọ ló yé mi. Ṣùgbọ́n tí kòkòrò bá jẹ oko yìí run nítorí pé mo gbọ́ tìẹ, ṣé ìwọ lo máa bọ́ àwọn ọmọ mi?" Mi ò rí èsì kankan fún un. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì pa ìwé mi dé.

Ohun tí mo mọ̀ láti ọjọ́ náà ni pé àgbẹ̀ tó kọ IPM (Integrated Pest Management, ọ̀nà tí mo ń kọ́ni yìí) kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó ti ṣírò. Ó ti rí i pé bí ọ̀nà tuntun yìí bá yọrí sí rere, gbogbo wa ni a ó jọ yọ̀. Bí ó bá bàjẹ́, òun nìkan ni yóò ru ú. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, àti ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí oko àwọn òbí yín yí padà: bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó ń dá àgbẹ̀ dúró, àti bí ẹ ṣe lè bá a gbé e kúrò lọ́nà.

Kí n kọ́kọ́ là á yé ara wa. IPM ni kéèyàn da ọ̀nà púpọ̀ pọ̀ láti fi kápá kòkòrò: irúgbìn tó lè fara dà á, yíyí ohun tí a ń gbìn sórí ilẹ̀ kan padà, pípa àjẹkù oko run lẹ́yìn ìkórè, ṣíṣọ́ oko déédéé, dídá àwọn kòkòrò tó ń jẹ kòkòrò sí. Oògùn náà wà níbẹ̀, níwọ̀n, nígbà tí ọ̀nà yòókù kò bá ká a mọ́. Ẹ sọ ti oògùn yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sọ ọ́ sókè. Àgbẹ̀ tó bá rò pé ẹ wá gba oògùn lọ́wọ́ òun pátápátá kò ní gbọ́ ìyókù.

Ẹ wádìí ẹni tó ń pàṣẹ lórí oko náà

Ẹ má kó ìpàdé jọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ rìn ká oko, kí ẹ máa béèrè. Ta ló ni ilẹ̀? Ta ló ń ra oògùn? Ta ló ń fọ́n ọn? Ta ló ń ro oko? Lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdáhùn yóò fi hàn yín.

Mo ṣe àṣìṣe kan ní oko tòmátì kan fún odidi ọdún kan. Àwọn ọkùnrin ni mo ń pè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nítorí àwọn ni wọ́n ń gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Àṣé àwọn obìnrin tó ń ro oko, tó ń já èso, ni ojú wọn ń kan abẹ́ ewé lójoojúmọ́. Ìyá kan sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ méjì kí ọkọ òun tó mọ̀ pé kòkòrò ti dé ni òun ti máa ń rí ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi òun. Ọdún kejì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ni wọ́n di olùṣọ́ oko, iṣẹ́ náà sì gbéra.

Ẹni tó yá ilẹ̀ fún ọdún kan péré, ẹ má ní kó gbin ọgbà yí oko ká tàbí kó fi ilẹ̀ sinmi. Kò lè ṣe é, ó sì jàre. Ohun tí èrè rẹ̀ yóò yọ kí ọdún náà tó parí ni kí ẹ fún un: irúgbìn tó dára, ṣíṣọ́ oko, fífi ọwọ́ ṣa ìdin.

Ẹ wo ibi tí owó ti ń wá

Ẹni tó ń ta oògùn fún àgbẹ̀ ló tún ń wín in ní irúgbìn àti ajílẹ̀, ìgbà ìkórè ni yóò gba owó rẹ̀. Òun náà ni àgbẹ̀ ń bi ní ìbéèrè tí ewé bá ń pọ́n. Ó wà nítòsí lójoojúmọ́. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Tí ẹ bá lọ ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà, gbèsè ni ẹ ń bá jà, gbèsè yóò sì borí yín. Èmi máa ń pè é wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan kọ̀, àwọn kan wá. Ọ̀kan nínú wọn padà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọ̀n tí wọ́n fi ń bo ewébẹ̀ àti pańpẹ́ tí wọ́n fi ń mú labalábá òru, torí àwọn àgbẹ̀ ti ń béèrè rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ọwọ́ ìjọba ni owó náà ti ń wá. Ẹ wo Indonesia. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ń fa omi ara ìrẹsì ba oko wọn jẹ́ gidigidi, bẹ́ẹ̀ ìjọba ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó oògùn. Oògùn náà ń pa aláǹtakùn àti àwọn ọ̀tá kòkòrò yẹn tán, kòkòrò yẹn wá ń bí sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1986, ààrẹ wọn fòfin de irú oògùn 57 lórí ìrẹsì, nígbà tó sì fi máa di 1989, ìrànwọ́ owó orí oògùn ti dópin. Ọdún 1989 yẹn kan náà ni FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, bá wọn dá ilé ẹ̀kọ́ inú oko sílẹ̀: àgbẹ̀ bíi 25 sí 30, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti ìgbà gbíngbìn títí dé ìkórè. Kí ọdún 1990 sí 1999 tó kọjá, àgbẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan ti gba ibẹ̀ kọjá ní orílẹ̀-èdè náà. Èmi ò rò pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan ìbá ti ṣe é bí oògùn bá ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Torí náà, kí ẹ tó dá àgbẹ̀ lẹ́bi, ẹ bi ara yín: ta ló sọ oògùn di ohun tó rọrùn jù lọ fún un láti rà?

Ìbẹ̀rù ni kókó

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ bá mi lọ, nítorí níbí ni iṣẹ́ wà.

Oorun ni àgbẹ̀ ń fi oògùn rà. Ó rí ihò lára ewé, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó fọ́n oògùn, ó lọ sùn. Ẹ kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba oorun lójú èèyàn. Ẹ ní láti fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mìíràn, ojú ara rẹ̀ ni yóò sì ti wá.

Ẹ ní kó fún yín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá oko rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí òun fúnra rẹ̀ yan ibẹ̀. Ẹ má gba etí omi tàbí ibi tí ilẹ̀ ti ṣá, kí ìyàtọ̀ tó bá jáde má baà jẹ́ ti ilẹ̀. Ẹ kan èèkàn mẹ́rin, ẹ ta okùn yí i ká. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kí ẹ jọ sọ ọ́ ṣáájú: bí apá yìí bá pàdánù, báwo ni a ó ṣe ṣe é? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ ni mo máa ń bẹ̀ kí wọ́n dá irè oko díẹ̀ jọ láti fi dí i fún un. Ìgbà tí wọ́n ní láti san án kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìlérí yẹn ló ń mú kí ọwọ́ tó di páǹpù mú tú u sílẹ̀ díẹ̀.

Nínú okùn yẹn, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ẹ fi ọwọ́ ara yín gé ewé. Ẹ mú igi mẹ́wàá tó ṣì kéré, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ìdá kan nínú mẹ́rin ewé wọn dànù, ẹ so òwú mọ́ wọn, ẹ fi mẹ́wàá mìíràn sílẹ̀ láìgé. Ní ìkórè, kí àgbẹ̀ wọn méjèèjì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, inú bàbá tó ni oko kò dùn rárá, ó ní mo ń fi sísọ́ọ̀sì ṣe iṣẹ́ kòkòrò. Ìkórè dé, kò lè mọ igi tí a gé yàtọ̀ sí èyí tí a kò gé àfi nípa òwú. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi gba àwọn àgbẹ̀ onírẹsì níyànjú ní gúúsù Vietnam láàárín ọdún 1990 sí 1999: ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò sí apá kan oko fún 40 ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi wé apá yòókù. Ìdin tó ń ká ewé ìrẹsì ló ń dẹ́rù bà wọ́n, nítorí ọgbẹ́ rẹ̀ kì í bò. Bẹ́ẹ̀ ìrẹsì tó ṣì kéré máa ń hu ewé mìíràn dípò èyí tó sọnù. Àwọn tó dán an wò dín oògùn wọn kù gan-an, torí ojú wọn ló rí i. Àmọ́ ẹ má lo ìdánwò yìí fún ohun ọ̀gbìn tó jẹ́ pé ewé rẹ̀ gan-an ni a ń tà.

Èkejì, ẹ kó kòkòrò sínú ìgò. Ìgò tó mọ́ gaara, aṣọ fẹ́lẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi aláǹtakùn kan àti kòkòrò mẹ́wàá tó ń jẹ oko sínú ọ̀kan. Ẹ fi kòkòrò mẹ́wàá nìkan sínú èkejì. Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ gbé e lọ sílé, kó kà wọ́n ní àárọ̀. Ìyá kan ni mo fún ní ìgò bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí mo sùn sí. Ó ní, "Mẹ́ta ló kù. Ẹ̀yin, kí ni mo ti ń pa láti ọjọ́ yìí?" N kò fèsì, mo kàn fún un ní ìgò mìíràn. Ìyá yìí ti ń fọ́n oògùn kí wọ́n tó bí mi, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń kú nínú oko rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni kíkà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí àgbẹ̀ rìn ní ìrìn kọ́lọkọ̀lọ gba inú oko kọjá, kó dúró níbi márùn-ún, kó yẹ igi mẹ́rin wò ní ibi kọ̀ọ̀kan, òkè ewé àti abẹ́ ewé. Ẹni tí kò mọ̀wé kò ní ìṣòro níbẹ̀: kó kó òkúta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, kó máa sọ ọ̀kan sí àpò ọ̀tún fún igi tó bá ní kòkòrò abanijẹ́, ọ̀kan sí àpò òsì fún igi tó bá rí aláǹtakùn tàbí ọ̀tá kòkòrò mìíràn lára rẹ̀. Tó bá délé, kó ka òkúta. Láti 1959 ni àwọn onímọ̀ mẹ́rin kan ní California ti là á kalẹ̀ pé kéèyàn má fọ́n oògùn nítorí pé ó rí kòkòrò, bí kò ṣe nígbà tí iye wọn bá ti fẹ́ dé ibi tí àdánù yóò ti ju owó tó máa ná láti dá wọn dúró. Iye yẹn yàtọ̀ láti ohun ọ̀gbìn dé ohun ọ̀gbìn, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ tó sún mọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ àgbẹ̀ ní iye náà kó tó mọ kíkà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n há a sórí dáadáa, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lọ yẹ ewé wò.

Nípa àkókò: wákàtí kan ni ìrìn yìí ń gbà, àgbẹ̀ tó tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn kò sì ní wákàtí kan nílẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń ro oko tàbí tí wọ́n ń bomi rin ín.

Èrè tó hàn sójú

Ní 1962, Everett Rogers, tó ṣèwádìí lórí bí nǹkan tuntun ṣe ń tàn ká, ka nǹkan márùn-ún tó ń mú kí èèyàn gba ohun tuntun: kí ó sàn ju ti àtijọ́, kí ó bá ìgbé ayé wọn mu, kí ó má lọ́jú pọ̀, kí wọ́n lè dán an wò níwọ̀n, kí àbájáde rẹ̀ sì hàn. IPM kùnà nínú èyí tó kẹ́yìn. Kòkòrò tó kú hàn nílẹ̀. Kòkòrò tí kò wá rárá, ta ló máa rí i?

Nítorí náà, ẹ wá èrè kejì tí ojú lè rí. Ní Kenya, ICIPE, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkòrò tó wà níbẹ̀, àti àwọn onímọ̀ Rothamsted láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọ̀nà kan fún àgbàdo: wọ́n ń gbin desmodium, ewéko kan tó jẹ mọ́ ẹ̀wà, sáàárín poro, òórùn rẹ̀ ń lé labalábá òru tó ń bí ìdin tó ń gbẹ́ inú igi àgbàdo, wọ́n ń gbin koríko Napier yí oko ká, òun ni labalábá náà ń lọ yé ẹyin sí. Desmodium tún ń dènà striga, koríko búburú tó ń jẹ gbòǹgbò àgbàdo. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbẹ̀ tó ń sin màlúù rí lójú ẹsẹ̀ ni pé méjèèjì jẹ́ oúnjẹ ẹran. Ó ń gé e bọ́ màlúù kí àgbàdo tó gbó. Ẹni tí kò ní ẹran ńkọ́? Ẹ kò ní fi ọ̀rọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ fún un.

Ẹ fi èyí wé ti ẹ̀gẹ́. Kòkòrò funfun tó dà bí ìyẹ̀fun, tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ káàkiri Áfíríkà ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí agbọ́n kékeré kan tó ń pa á ní Paraguay ní 1981, àwọn IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tọ́ ọ, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ lórí oúnjẹ, ní 1995. Agbọ́n yẹn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé àgbẹ̀ yí ohunkóhun padà. Irú ìyẹn kò wọ́pọ̀. Tiwa, àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ yí àṣà padà, ìdí nìyẹn tí sùúrù wa fi gbọ́dọ̀ pọ̀.

Oko ẹ̀gbẹ́

Mo ní àgbẹ̀ kan tó ṣe gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe wí. Ó fa àjẹkù tu, ó sun ún, ó yí ohun tó ń gbìn padà. Ti aládùúgbò rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń jẹrà lórí igi, èṣìnṣìn funfun sì ń ti ibẹ̀ fò wọ oko tirẹ̀ bí òjò. Ọdún kan péré ló ṣe. N kò dá a lẹ́bi. Èmi ni mo yan án nítorí pé òun ló gbọ́n jù níbẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, nígbà tí wọ́n bi àwọn tó mọ̀ nípa IPM ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà nípa ohun tó ń dí i lọ́wọ́, ohun tí wọ́n dárúkọ jù lọ ni pé ó gba ìfọwọ́sowọ́pọ̀ gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò. Kí ẹ má yan àgbẹ̀ tó gbọ́n jù ní ibi mẹ́wàá. Ẹ yan àgbẹ̀ mẹ́wàá tí oko wọn fara kanra, títí kan èyí tó jẹ́ alágídí láàárín wọn.

Ìwé ìwádìí yóò tún ka ọjọ́ orí, ẹ̀kọ́ ilé-ìwé àti ìwọ̀n oko fún yín. Wọ́n wúlò láti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè dín ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni kù, ẹ má lo ọjọ́ yín lórí rẹ̀. Oníbàárà tí kì í ra èso tó ní àpá kékeré lára, ìyẹn ni kí ẹ lọ bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú àgbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ọjọ́ ìjayà

Yóò dé. Kòkòrò tuntun á wọlé, gbogbo èèyàn á sáré gbé páǹpù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí fall armyworm, ìdin kan tó ń jẹ àgbàdo, ní Áfíríkà ní 2016, ọ̀pọ̀ ìjọba sáré pín oògùn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì padà sí ibi tí wọ́n ti kúrò. Ẹ ti jọ sọ ọ́ ṣáájú kí ọjọ́ náà tó dé: irú oògùn wo, ìwọ̀n wo, ibi wo nínú oko, ta ló máa kà á kí a tó fọ́n ọn, aṣọ wo ni ẹni tó ń fọ́n ọn yóò wọ̀. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà kì í fi tipátipá já a. Ọdún kẹta tí mo bá bàbá tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ọmọ ṣiṣẹ́, ìdin dé bá oko rẹ̀. Ó ka òkúta, ó fọ́n oògùn sí poro méje péré ní igun kan, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù kí n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì kí n bínú. Inú mi dùn débi pé n kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti wọlé

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ bóyá ó ń ṣe IPM. Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ padà lọ ní ọdún kejì láìpe ìpàdé, ní àárọ̀ kùtù. Ẹ wo ibi tí ó ń kó agolo oògùn òfìfo sí, mélòó ló jẹ́ tuntun. Ẹ wo bóyá òkúta wẹ́wẹ́ ṣì wà nítòsí. Ẹ wo ibi tí okùn wà: ṣé èèkàn ti sún síwájú, àbí wọ́n ti fi ṣe ìdáná? Lẹ́yìn náà, ẹ bá a rìn wọ oko, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Tó bá dúró fúnra rẹ̀ kí ẹ tó kí ara yín tán, tó tẹ̀, tó yí ewé padà wo abẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹni yẹn ni èmi máa ń kọ sínú ìwé.